Bí Mo Ṣe Ya Ìyá Ọkọ Mi Lórí Àga

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Má-Bínú ti tà mí. Ọkọ mi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ — inú ìwé yìí nìkan o — torí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í fi "má bínú" bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe wọlé láti ibi iṣẹ́ lónìí, kò tíì bọ́ bàtà, ó ní, "Má bínú." Mo ti mọ̀ pé ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀.

Ọ̀ràn náà rèé. Ọsibítù tí ìyá rẹ̀ ti ṣe mátíróònù fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n fẹ́ ṣí wọ́ọ̀dù tuntun, orúkọ ìyá ni wọ́n sì máa fi sọ ọ́. Wọ́n fẹ́ àwòrán ìyá, kó tóbi, kó jókòó, kó jọ ọ́ dáadáa, èyí tí wọ́n máa gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Wọ́n ń wá ẹni tó máa yà á. Ni ọkọ mi bá la ẹnu gbàràgàdà níwájú ọ̀gá àgbà ọsibítù, ó ní ìyàwó òun mọ̀ ọ́n yà.

Ìyá rẹ̀! Ọ̀gágun fúnra rẹ̀! Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti délé wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé iṣẹ́ wo ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń ṣe, yóò ju ọwọ́ báyìí, yóò ní, "Ó ń kun nǹkan."

Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Pátákó ìta ṣọ́ọ̀bù ló ń bọ́ mi. Orí mẹ́jọ fún onígbàjámọ̀, eyín ńlá kan fún dókítà eléyín, táyà fún fọganáísà. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà olóròóró ya ojú èèyàn, mo sì mọ iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ kí obìnrin yẹn fi ẹnu ara rẹ̀ pè mí ní ayàwòrán. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó ti wà lákọsílẹ̀ báyìí, kò sì sí ẹni tó máa kà á.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fún mi. Bí Ọ̀gágun bá ní kò jọ òun, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ni wọ́n máa sọ di ńlá, wọ́n á gbé e kọ́ ibẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ó gbà. Ohun tó sọ ni pé, "Kò burú. Ó sàn ju kó jókòó lásán lọ."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ìjókòó àkọ́kọ́. Aago mẹ́wàá ni mo dá, aago mẹ́sàn-án ó ti kanlẹ̀kùn. Yunifọ́ọ̀mù funfun láti òkè délẹ̀, fìlà mátíróònù, ìgbànú, aago kékeré tí wọ́n fi píìnì há mọ́ àyà. Yunifọ́ọ̀mù náà kò pa dé lẹ́yìn mọ́ — píìnì méje ni mo kà níbẹ̀, mo sì yára gbójú kúrò. Ó fi ìka ra ojú fèrèsé yàrá iṣẹ́ mi, ó wo ìka náà, kò sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́ yẹn burú ju èébú lọ.

Ó jókòó. Ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ bíi rúlà. Àgbọ̀n rẹ̀ sì wà lókè débi pé inú ihò imú nìkan ni mò ń rí. Mo fẹ́ kó gbé e wálẹ̀ díẹ̀. Ta ni mí? Ta ni mo jẹ́ tí màá pàṣẹ àgbọ̀n fún ìyá ọkọ mi? Mo ronú títí. Ni mo bá dojú kọ àga.

Mo ní, "Àga, jọ̀ọ́, yí sápá òsì díẹ̀."

Ó ní ta ni mò ń bá wí.

Mo ní àga ni, mà.

Ó ní àga ò létí. Ṣùgbọ́n ó yí sápá òsì. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn títí tó fi tó àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Mo bẹ àga kó sinmi èjìká, mo bẹ àga kó má fajúro mọ́. Àga ṣe gbogbo rẹ̀, ó kan ń kùn ni.

Wàhálà tó kù: bí mo bá ti gbójú sókè láti wò ó, òun náà ti ń wò mí, ojú mi a sì wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tó lọ, mo ti ya fìlà, kọ́là, aago, ìgbànú, bàtà méjèèjì. Ojú kò sí níbẹ̀. Ẹyin ló wọ fìlà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo sọ fún Má-Bínú pé mi ò lè wo ojú ìyá rẹ̀. Ó ní òun gan-an ò lè wò ó, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì sì ni òun. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló kó sẹ́nu. Nígbà tó yá ó ní kí n ṣe bí ẹni pé ìyá òun ni eyín ńlá tí mo yà fún dókítà eléyín.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Eyín ṣiṣẹ́! Mo ń sọ ọ́ lọ́kàn — eyín ni, eyín ni — títí iwájú orí fi délẹ̀, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi délẹ̀, títí mo fi dé imú.

Òun ní tirẹ̀ kò panu dé. Ìtàn àwọn nọ́ọ̀sì tó máa ń sùn lẹ́nu iṣẹ́ ló ń sọ. Kì í pariwo lé wọn lórí, ó ní ariwo ń dá aláìsàn láàmú. Bó bá ti bá nọ́ọ̀sì lójú oorun, yóò rọra bẹ̀rẹ̀, yóò yọ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, yóò gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Nọ́ọ̀sì náà á jí, á máa tiro gba àárín àwọn aláìsàn wá tọrọ bàtà. Mẹ́tàdínláàádọ́ta ni bàtà tó kó láyé rẹ̀. Ó rántí ẹlẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Mátíróònù kì í sùn," ló sọ. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Adájọ́ wá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Kò sí ohun tó rí rí tí kò dá lẹ́jọ́. Ó fà sẹ́yìn, ó káwọ́ gbera, ó ní, "Ó jọ ẹnì kan. Ẹni náà ni mi ò mọ̀." Ó ní imú ti pọ̀ jù.

Ọ̀gágun ní tirẹ̀ ti fàáké kọ́rí, kò ní wo àwòrán náà títí di ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí aṣọ lójú rẹ̀ lọ́sibítù. Ó ní òun kì í wo aláìsàn tí wọn kò tíì wẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ẹjọ́ imú. Ó ní kí n dín in kù.

Mo dín in kù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Adájọ́ tún wá. Imú ti kéré jù, ó ní mo ti fi imú ẹlòmíì sójú ìyá àwọn. Mo bù kún un.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo dín in kù. Mo bù kún un. Ọ̀dà lórí ọ̀dà, òróró lórí òróró. Imú náà ti yọ síta. Bí mo bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kánfáàsì, mo lè rí i láti ẹ̀gbẹ́.

Mo tún ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé gbogbo orí ti dà sápá kan. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́ — àgbà mẹ́ta ló wà ní yàrá yìí láti àná, orí mátíróònù sì wọ́ lójú gbogbo wa.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo sinmi. Mo lálàá imú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mi ò mọ bí màá ṣe kọ eléyìí.

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀. Oòrùn ti wọlé láti ojú fèrèsé, ó bà lé e lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń sùn náà ló tún ń sọ. Ó ní, "Torí pé nọ́ọ̀sì tó bá ti lè di ojú rẹ̀ —" Kò parí rẹ̀. Mo dúró kó parí rẹ̀. Mo gbójú sókè. Ọ̀gágun ti sùn lọ fọnfọn.

Orí rẹ̀ fara ti àga. Ẹnu rẹ̀ là. Fìlà ti sún sétí. Ó ń hanrun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ kan ta, bàtà bọ́ kúrò níbẹ̀ — pó! Mo rò pé ó máa jí. Kò jí.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án, mo wo ìyá ọkọ mi lójú. Mo wò ó bó ṣe wù mí. Ìlà tó máa ń wà láàárín ojú rẹ̀ méjèèjì ti lọ. Mi ò mọ̀ pé ìlà yẹn ń lọ, mo rò pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Ọwọ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lórí itan bí ọwọ́ ẹni tó ti gbé ẹrù kalẹ̀.

Mo rọra gbé kánfáàsì kejì jáde, ọgbọọgba ni òun àti ti àkọ́kọ́. Mi ò fi òróró kankan sí i, tapẹntáìnì nìkan, èyí tó ń jẹ́ kí ọ̀dà tètè gbẹ, ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wákàtí méjì. Mi ò bá àga sọ̀rọ̀, mi ò ronú eyín. Búrọ́ọ̀ṣì ń lọ fúnra rẹ̀. Mo ya fìlà tó sún sétí. Mo ya ẹnu tó là. Mo ya bàtà tó bọ́.

Ìgbà tó jí, ó ní, "Mi ò sùn o. Mò ń ronú ni."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo rí i pé ẹ̀ ń ronú."

Mo ti dojú rẹ̀ kọ ògiri. Bó bá fi lè rí i, màá kó kúrò nílùú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo tún yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó dáa. Mi ò tíì ya ohun tó dáa tó o rí, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ rí i. Ó dùn mí wọra.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ó ti di àṣà wa. Ó jókòó, ó fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá àwọn nọ́ọ̀sì wí, ó sùn. Mo ya èyí tí wọ́n bẹ̀ mí níṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo ya èkejì fún wákàtí méjì. Nínú ti àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ bí ojú ẹni tó ń ka bàtà. Ó jọ ọ́, n kò ní purọ́. Ó jọ ọ́ bí yunifọ́ọ̀mù ṣe jọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Má-Bínú já wọ yàrá iṣẹ́ láìkanlẹ̀kùn, ó rí àwòrán Ọ̀gágun tó ń sùn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí pátákó tí mo fi ń po ọ̀dà. Ṣòkòtò funfun ló wọ̀. "Má bínú," ló ní fún pátákó.

Lẹ́yìn náà ó dìde, ó sún mọ́ àwòrán náà. Ó ní, "N ò rí Màámi báyìí rí." Ó tún ní kí n yáa gbé e pa mọ́ kó tó di pé wọ́n sìn wá pọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Èyí tí wọ́n bẹ̀ mí níṣẹ́ ti parí. Adájọ́ ti fọwọ́ sí imú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò gbẹ. Gbogbo òróró tí mo dà lé imú yẹn láti ọ̀sẹ̀ méjì! Tó bá yá kánkán, yóò gbẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ṣí fèrèsé. Mo tan fáànù. Mo fi páálí fẹ́ ẹ títí apá fi ń ro mí. Ọ̀gágun bi mí lórí fóònù pé kí ló ń ṣe mí tí mò ń mí gúlegúle. Mo ní mò ń fẹ́ yín lára ni, mà. Mo ní láti ṣàlàyé.

Mo dojú àwọn méjèèjì kọ ògiri kí eruku má bà lé wọn. Ọjọ́ Ẹtì láàárọ̀ ni dírẹ́bà ọsibítù máa wá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo gbé! Mo kú! Mo ti parí!

Mo lọ sọ́dọ̀ káfíńtà lọ gba férémù. Férémù tó ṣe kéré, ó ní ìwọ̀n tí mo fún òun ló pa mọ́ tí kò rí mọ́, òun wá fojú díwọ̀n. A jà níbẹ̀ fún wákàtí kan. Ìgbà tí mo fi máa padà délé, Ọ̀gágun wà ní yàrá iṣẹ́ mi. Fìlà rẹ̀ tó gbàgbé ló wá mú. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní dírẹ́bà ti wá, iṣẹ́ máa pọ̀ fún un lọ́la, òun sì ti gbé àwòrán fún un.

Mo wo ògiri. Ẹyọ kan ló kù.

Ó ní òun ò wo ojú àwòrán o, òun dúró lórí ọ̀rọ̀ òun. Ẹ̀yìn méjì ni òun rí, ọgbọọgba. Òun wá ti ìka bọ ẹ̀gbẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan tutù, ọ̀kan gbẹ. "Mo ní kó gbé èyí tó gbẹ. Nǹkan tutù ò wọ wọ́ọ̀dù mi. Àbí kì í ṣe èyí tó tutù lo fi ń dánra wò?"

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ aṣọ ìnuwọ́ mi, ó lọ.

Mo pe ọsibítù. Wọ́n ní ó ti wà nínú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, wọ́n ti da aṣọ bò ó, kọ́kọ́rọ́ wà lápò ọ̀gá, ọ̀gá sì ti rìnrìn àjò, ó di ọ̀la kó tó dé, nígbà tí ayẹyẹ bá ń bẹ̀rẹ̀.

Mo sọ fún ọkọ mi. Kò sọ pé má bínú. Ọdún mẹ́sàn-án, ìgbà àkọ́kọ́ rèé. Ohun tó sọ ni, "Yéè."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo gbìyànjú nínú mọ́tò. Mo ní, "Mà, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nípa àwòrán —" Ó ní kí n gbé àgbọ̀n mi sókè, ìyàwó ilé òun kì í tẹrí bí ẹni tó jalè.

Ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù kún. Dókítà, nọ́ọ̀sì, àwọn nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, arúgbó tó fi ọ̀pá tilẹ̀. Àwọn aláìsàn ń yọjú láti ojú fèrèsé. Àwòrán wà lókè ògiri, aṣọ funfun bò ó. Ọ̀gágun jókòó níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́, píìnì méje. Ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀ lórí bó ṣe jẹ́ pé ojú tí kì í sùn ló kọ́ ọsibítù yìí. Ó sọ bẹ́ẹ̀. Ojú tí kì í sùn. Mo di ọwọ́ Má-Bínú mú.

Wọ́n fa aṣọ.

Ó sì wà lókè níbẹ̀, ó tóbi, ẹnu rẹ̀ là, fìlà wà létí, bàtà kan wà nílẹ̀.

Láti ẹ̀yìn ni ohùn arúgbó nọ́ọ̀sì kan ti jáde: "Ẹ gbà mí o! Ta ló yọ bàtà mátíróònù?"

Ẹ̀rín! Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ń so mọ́ra wọn. Ẹni tó ní ọ̀pá ju ọ̀pá nù. Ọkùnrin kan lójú fèrèsé di ikùn rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dákẹ́, àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ sí ikùn òun. Èmi ń wá ilẹ̀ tó máa lanu.

Ọ̀gágun dìde. Gbogbo ẹnu pa dé. Ó rìn lọ síwájú ògiri, ó yọ awò ojú nínú àpò, ó wọ̀ ọ́. Ó wò ó. Ó wò ó títí. Ọ̀gá àgbà sún mọ́ ọn, ó ń làágùn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, àṣìṣe ló wáyé, fọ́tò yín wà nílẹ̀ —"

Ó ní, "Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀."

Mo ní ó tán, ọdún mẹ́sàn-án ti lọ báun.

Ó ní, "Fọ́tò yẹn ni kí ẹ gbé kọ́ síbí, ojú ẹ̀ là, á bá yín ṣọ́ wọn. Èyí, èmi ni mo ni ín, ilé mi ló ń lọ. Ìyàwó mi ló yà á." Ó tọ́ka sí mi. "Èyí tó wà níbẹ̀ yẹn. Ayàwòrán ni."

Bó ṣe máa ń ka orúkọ aláìsàn ló ṣe sọ ọ́, kò fi iyọ̀ kankan sí i. Ó wá yí sí arúgbó nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn. "Ìwọ tó ò ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo mú tìẹ."

Mo sunkún níwájú gbogbo ènìyàn. Àmọ́ bí a bá ń sunkún à máa ríran: mo rí Adájọ́ tó lọ síwájú àwòrán, tó fẹ̀gbẹ́ wò ó, tó tún fẹ̀gbẹ́ kejì wò ó. Ó ní imú yìí dáa.

Ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀njọ́

Ọ̀gágun ránṣẹ́ pè mí kí n wá bá òun kan ìṣó. N kò wọ yàrá rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀dì tóóró, bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni, tòótọ́. Gbogbo nǹkan tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ibi tó fẹ́ kí n gbé e kọ́ ni ọ̀kánkán ibùsùn.

Ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo òòlù lọ́wọ́ mi. Ó ní òun fẹ́ bi mí ní nǹkan kan. Ọjọ́ mélòó ni òun fi sùn níwájú mi?

Irọ́ kò sí. Mo ní ọjọ́ mẹ́rin, mà.

Ó ní, "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ́sibítù. Kó tó dìgbà yẹn, bàbá wọn ń ṣàìsàn. Lẹ́yìn ẹ̀, àwọn ọmọ. Kò sẹ́ni tó bá mi lójú oorun tí ò jí mi. Màmá ẹ jí, Mátíróònù ẹ jí, wọ́n ń pè yín, omi ti tán, ọmọ ń sunkún. Ọjọ́ mẹ́rin! O ò jí mi?"

Mo ní, "N ò jí yín, mà. Oorun yẹn ń dùn mọ́ yín."

Ó mi orí. Ojú mi ń ta mí, ni mo bá kọjú sógiri, mo kan ìṣó àkọ́kọ́. Mo gbé àwòrán lé e láti fi díwọ̀n. Mo bi í pé ṣé ó dọ́gba, àbí kí n gbé apá ọ̀tún sókè díẹ̀? Kò dáhùn. Mo rò pé ó ń rò ó. Mo tún bi í.

Mo wẹ̀yìn. Ó ti nà sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà, ọwọ́ kan rọ̀ sílẹ̀.

Mo yọ ìṣó kejì kúrò lẹ́nu mi. Mo sọ àwòrán kalẹ̀, mo rọra fi òòlù sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìgbà yẹn gan-an ni mo gbọ́ Adájọ́ lórí àtẹ̀gùn, tó ń ké bọ̀ láti ìsàlẹ̀ pé Màmá, Màmá, ẹ jáde wá wo nǹkan. Mo jáde, mo fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn mi, mo dúró sí ẹnu rẹ̀. Ó ní kí n yà fún òun. Mi ò yà. Mo wo ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lójú, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi, ẹ fohùn sílẹ̀. Wọ́n ń sùn."